Ẹ Fi Ọ̀rọ̀ Màmá Mi Sílẹ̀ Bí Wọ́n Ṣe Kọ Ọ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ṣe Fóònù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fóònù, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe kíbọ́ọ̀dù tó wà nínú rẹ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kó o wọ Nàìjíríà wá tà fún wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Atẹ̀wé ni mí ní Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn. Káàdì ìpè, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, ìwé orin, kò sí èyí tí a kì í tẹ̀ nínú wọn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, oníbàárà á kọ ohun tó fẹ́ sórí bébà, á mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù, a ó jọ jókòó kà á. Tí ọ̀rọ̀ kan bá rú wa lójú, a ó bi í kó tó dìde. Lóde òní, orí WhatsApp ni iṣẹ́ ń gbà wọlé. Ohun tí fóònù oníbàárà bá gbé jáde ni àwa ń tẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá kan ń múra ìdána ọmọ wọn obìnrin. A ti ya káàdì náà tán, a fi ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì tí wọ́n fún wa nìyí: “O dara. E fi igba si.” Ọmọ iṣẹ́ mi kà á, èmi náà kà á. Nídìí iṣẹ́ tiwa, iye la máa ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́: ọgọ́rùn-ún, igba, ọ̀ọ́dúnrún, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. A gbà pé igba ni wọ́n fẹ́ ká fi kún un, a sì tẹ 200 lé iye tí wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá kó ẹrù wọn, wọ́n mú káàdì kan, wọ́n yẹ iwájú rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, wọ́n ní, “Igbá tí mo ní kẹ́ ẹ fi sí i dà?” Àwòrán igbá ìyàwó ni ìyá yìí ń bèèrè, igbá fínfín tó ní ọmọrí. A tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, èmi ni mo sì fara gbá owó bébà àti íǹkì.

Mo rọra bi wọ́n pé, “Mà, kí ló dé tí ẹ ò fi àmì sí i?” Wọ́n wò mí. “Bọ̀dá, níbo ni wọ́n ti ń rí àmì lórí fóònù?”

Mi ò rí èsì kankan fún wọn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin lẹ ni èsì rẹ̀.

Igbá ni a fi ń bu omi. Igba ni 200. Ìgbà ni àkókò. Igbà ni adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Ìgbá ni èso tí a ń jẹ ní tútù tàbí tí a ń sè lọ́bẹ̀. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò bára tan nìyí. Tí fóònù bá ti bọ́ àmì lára wọn, ojú kan náà ni gbogbo wọn ń ní. Àwọn kan á sọ pé kéèyàn fi ọ̀rọ̀ tó yí i ká mọ̀ ọ́n. Lóòótọ́, bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ kí ló yí “E fi igba si” ká tó lè ràn wá lọ́wọ́?

Owó ni mo pàdánù sórí igbá. Ti màmá mi ló wọ̀ mí lára jù.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá mi. Ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n ń fi dò, re, mí kọ́ wọn ní ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè. Nígbà tí mo wà ní bọ́dìn níléèwé girama, Yorùbá ni mo fi máa ń kọ lẹ́tà sí wọn. Wọ́n á fèsì, wọ́n á sì dá lẹ́tà tèmi padà pẹ̀lú bírò pupa lára rẹ̀. Ibi tí mo gbàgbé àmì, ibi tí mo kọ s dípò ṣ, wọ́n á fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, wọn ò ní tún un kọ fún mi. Èmi ni kí n ronú sí i. Mẹ́ta nínú àwọn lẹ́tà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìwé tí mò ń tò jẹun lónìí, ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ ọ.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra fóònù fún wọn. Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí gbà láti ọ̀dọ̀ wọn ni “No to de file.” Àyà mi já. Mo pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. Àṣé “Mo ti dé ilé” ni wọ́n ń kọ, kí n lè mọ̀ pé wọ́n ti darí láti ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti di no, ti ti di to, ilé ti di file. Wọ́n ní àwọn rí i bó ṣe ń yí padà lójú àwọn, àwọn sì rò pé ọwọ́ àwọn ló ṣi ibi tẹ̀. Wọ́n pa á rẹ́, wọ́n tún un kọ, ó tún yí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ bó ṣe wà. Láti ọjọ́ náà, màmá mi ò kọ nǹkan kan sórí fóònù mọ́. Ohùn ni wọ́n ń gbà sílẹ̀ tí wọ́n fi ń ránṣẹ́. Inú mi máa ń dùn láti gbọ́ ohùn wọn. Àmọ́ màmá tó fi bírò pupa kọ́ mi níwèé, ẹ̀rọ yín ló wá ń tọ́ wọn sọ́nà, ọ̀nà tó sì ń fi hàn wọ́n kì í ṣe ọ̀nà èdè wọn.

Wọ́n dá ara wọn lẹ́bi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó máa ka èyí tó kù. Mo mọ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n á ní, “Nǹkan yìí ti ju tèmi lọ.” Àwọn tó mọ Yorùbá kọ jù láàrin wa ni kò lè fi fóònù kọ ọ́, àwa tí a sì mọ fóònù lò, ọ̀pọ̀ nínú wa ò ka àmì sí mọ́. Tí àwọn àgbà bá dákẹ́ sórí fóònù, ọwọ́ ta ni àwọn ọmọ á máa wò?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo lọ sí Ọ̀yọ́, mo jókòó ti fóònù náà. Mo wọ inú Settings, mo wá System kàn, mo wá Languages kàn, mo dé ibi kíbọ́ọ̀dù, mo ṣí Text correction, ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí Auto-correction, èyí tó ń tún ọ̀rọ̀ ẹni kọ láìbi í. Mo pa á. Mo padà sí ibi Languages ti kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, mo tẹ Add keyboard, mo wá Yorùbá láàrin àìmọye èdè, mo mú un. Mo kọ orúkọ gbogbo ará ilé wa sínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí fóònù máa ń tọ́jú fún onílé, kó má bàa sọ ọmọ ẹni lórúkọ tí bàbá rẹ̀ ò sọ ọ́. Ọ̀sán gbáko ló gbà mí, nítorí pé ibi tí nǹkan wà lórí fóònù mi kọ́ ló wà lórí tiwọn, orúkọ tí wọ́n ń pè é sì yàtọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹni tó fẹ́ kọ Yorùbá lórí ẹ̀rọ yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀kùn mẹ́fà kọjá kó tó bá Yorùbá nínú ilé. Ẹ̀yin mìíràn tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí tí kì í ṣe ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ sí, tí ẹ bá ní ìyá tàbí bàbá tó ń kọ Yorùbá, ẹ bá wọn ṣe é. Ẹ má dúró dè mí àti àwọn tí mò ń kọ̀wé sí.

Nígbà tí mo ṣe tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo kíbọ́ọ̀dù tó bá fóònù náà wá, bí atẹ̀wé ayé àtijọ́ ṣe ń wo àpótí lẹ́tà òjé. Téèyàn bá fi ìka tẹ e mọ́lẹ̀ lórí rẹ̀, è àti é á yọ, ê àti ë tí a kì í lò náà á yọ. Wọn ò fi ẹ sí i. Mo wá ń wo àwọn bọ́tìnnì yòókù níkọ̀ọ̀kan. Álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ní lẹ́tà 25. Kò sí c níbẹ̀, kò sí q, kò sí v, kò sí x, kò sí z. Bọ́tìnnì márùn-ún gbáko ló wà lójú kíbọ́ọ̀dù yín tí a kì í fi kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kankan.

Ẹ jẹ́ ká wá ka ohun tí à ń wá. ẹ. ọ. ṣ. Àmì ohùn òkè. Àmì ohùn ìsàlẹ̀. Márùn-ún náà ni. Ohùn àárín kì í gba àmì, gb ò sì nílò bọ́tìnnì tirẹ̀ nígbà tí g àti b ti wà níbẹ̀. Ẹ ò ní fi ẹyọ bọ́tìnnì kan kún un, ẹ ò ní mú èyíkéyìí kéré sí i. Kí àwọn márùn-ún tiwa jókòó sójú àwọn márùn-ún yẹn, kí àwọn lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì náà wà lábẹ́ wọn fún ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, torí pé a ṣì máa ń kọ Victoria, a ṣì máa ń kọ Zainab. Kí àmì sì máa tẹ̀ lé lẹ́tà, bí a ṣe ń fi bírò kọ ọ́: lẹ́tà ṣáájú, àmì tẹ̀ lé e.

Mo ya kíbọ́ọ̀dù yìí sórí bébà ní ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n ojú fóònù, mo gbé e fún màmá mi. Mi ò ṣàlàyé nǹkan kan. Wọ́n fi awò wọn sójú, wọ́n wo bébà náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń ka ohun tí wọ́n ń tẹ̀ sókè: “ẹ, k, u, àmì òkè, a...” Wọ́n kọ “Ẹ kú àárọ̀” tán pátápátá láìṣi ibì kan. Bébà lásán ni o.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ, nítorí pé bọ́tìnnì nìkan kọ́ ni ìṣòro. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Unicode ló ń pín nọ́ńbà yìí fún lẹ́tà gbogbo ayé láti ọdún 1991. ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, 1EB9. ọ ní 1ECD, ṣ ní 1E63. Àwọn ará Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, débi pé mo mọ àwọn èèyàn wa tó ń yá kíbọ́ọ̀dù Vietnam lò kí wọ́n lè kọ Yorùbá. ń tí a fi ń kọ “mò ń bọ̀”, àwọn ará Poland ń lò ó, òun náà ní nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀, tó jẹ́ ti àwa àti àwọn aládùúgbò wa, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀. Méjì ni a ń so pọ̀: 1EB9 fún ẹ, 0301 fún àmì tó wà lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ệ ti àwọn ará Vietnam, tó gbé àmì sókè tó sì gbé sísàlẹ̀ bíi tiwa, ní nọ́ńbà kan péré. Ilẹ̀kùn yẹn ti tì báyìí. Unicode kì í fún lẹ́tà tó ṣeé so pọ̀ ní nọ́ńbà tuntun mọ́, mi ò sì bá wọn jà sí i, nítorí pé òfin wọn sọ pé kí nọ́ńbà méjì tí a so pọ̀ máa ṣe bí ẹyọ lẹ́tà kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fóònù àti áàpù lẹ kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Nínú fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà, tí kò mọ̀ wá rí, àmì òkè á ṣí kúrò lórí ẹ, á lọ fì sáàárín òun àti lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Nígbà mìíràn, àpótí òfìfo ló ń yọ. Àwa atẹ̀wé mọ ìyà yìí dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń mú àmì ìdánudúró, tí a ń fi máòsì fà á lọ sábẹ́ o lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè di ọ. Mo ti fi ọwọ́ to ìwé ètò ìsìnkú olójú-ewé 16 bẹ́ẹ̀ rí, láti alẹ́ títí àkùkọ fi kọ, nítorí pé orúkọ òkú ọ̀run kò gbọdọ̀ ṣì mọ́ wa lọ́wọ́. Bí àwọn ẹbí bá sì tún ọ̀rọ̀ kan ṣe láàárọ̀, gbogbo tóótòòtó tí mo fọwọ́ tò á ṣí kúrò láyè rẹ̀. Fọ́ǹtì tó gbé àmì wa bó ṣe yẹ wà lọ́fẹ̀ẹ́; Noto ti Google jẹ́ ọ̀kan, torí kí àpótí òfìfo má bàa yọ mọ́ ni wọ́n sì ṣe sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Kí ló dé tí ti inú fóònù àti áàpù míì kò fi rí bẹ́ẹ̀?

Wíwá nǹkan náà ńkọ́? Lórí fóònù tí mo lò ṣáájú èyí, mo fi nọ́ńbà oníbàárà kan pamọ́ bíi Ṣẹ́gun. Tí mo bá wá Segun, fóònù á ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ìdajì àwọn oníbàárà mi ló ti fìgbà kan sọnù sínú fóònù mi bẹ́ẹ̀.

Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán, èyí tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ òun ni ọ̀pọ̀ àgbà ìlú ń lò, ó ní àbùkù tirẹ̀. Lẹ́tà 160 ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gbà, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Àkójọ lẹ́tà tí wọ́n ṣe fún GSM, tó bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ Nàìjíríà lọ́dún 2001, ní à, è, é, ì, ò àti ù. Kò ní á, kò ní í, kò ní ó, kò ní ú. Ẹ, ọ àti ṣ ò sí níbẹ̀ rárá. Tí ẹyọ ẹ kan ṣoṣo bá ti wọnú ọ̀rọ̀ yín, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà á bọ́ sí ọ̀nà mìíràn tó jẹ́ pé lẹ́tà 70 péré ló ń gbà. Tó bá kọjá 70, wọ́n á gé e sí 67, 67. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ lẹ́tà 150 láìsí àmì, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ni, owó kan ni. Ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú àmì, ó kéré tán, mẹ́ta ni, owó mẹ́ta sì ni, nítorí pé ẹ́ fúnra rẹ̀ ń ka bíi méjì. Ẹni tó kọ Yorùbá rẹ̀ bó ṣe tọ́ ni wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Wọ́n ti ṣe àkójọ àfikún fún èdè Turkey, wọ́n ṣe fún èdè Potogí, wọ́n ṣe fún ọ̀pọ̀ èdè India. Wọn ò ṣe fún wa. Mo mọ̀ pé ti ẹ̀yin nìkan kọ́ nìyí, àwọn tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó wọn, náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀, mo sì bẹ àwọn náà kí wọ́n gbọ́.

Báńkì kan tún wà tí mo fẹ́ ṣí àkáǹtì sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo kọ orúkọ mi bí bàbá mi ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìsọmọlórúkọ mi. Ó ní orúkọ náà ní ohun tí àwọn ò gbà láàyè nínú. Mo bọ́ gbogbo àmì rẹ̀ sílẹ̀ kó tó gbà á.

Mi ò ní purọ́ pé ẹnikẹ́ni ò ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá àti Alt-i, àjọ tó ń mú ìmọ̀ ẹ̀rọ bá èdè Áfíríkà mu, níbí n'Ìbàdàn ti ń ṣe é tipẹ́. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn tó bá a dá YorubaName, ìkànnì tó ń ṣàlàyé orúkọ Yorùbá, sílẹ̀ ṣe kíbọ́ọ̀dù fún Windows àti Mac, wọ́n sì fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Keyman, áàpù kíbọ́ọ̀dù fún onírúurú èdè, náà ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Mo kí gbogbo wọn, orí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti ń jẹ èso iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé wọ́n wà nìkan ló lè lọ wá wọn. Ìyá onígbá ò mọ̀, màmá mi ò mọ̀. Ilé-iṣẹ́ Tecno ṣe kíbọ́ọ̀dù Amharic sínú fóònù tí wọ́n ń tà fún àwọn ará Ethiopia. Inú fóònù ló wà, wọn ò ní kí ará Ethiopia lọ wá a kiri. Ohun tí mò ń bèèrè kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ má sì sọ fún wa pé Yorùbá ò tíì ní ọ̀nà ìkọ̀wé kan tí gbogbo èèyàn gbà. Ọdún 1843 ni Ajayi Crowther ti tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde. Ọdún 1875 ni wọ́n ṣèpàdé l'Ékòó lórí bó ṣe yẹ ká máa kọ èdè yìí sílẹ̀. Àkọtọ́ tí a ń lò níléèwé báyìí, ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí i. Àwọn ará wa ní Kétu àti Àjàṣẹ́, lórílẹ̀-èdè Benin, ní tiwọn: ɛ àti ɔ ni wọ́n ń kọ níbi tí a ti ń kọ ẹ àti ọ, wọ́n sì ń kọ sh dípò ṣ. Ẹ rántí àwọn náà nígbà tí ẹ bá ń ṣe é. Ọ̀nà méjèèjì ti wà nílẹ̀, kò sí èyí tí ẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí èèyàn bá kọ́kọ́ tan fóònù tuntun, fóònù máa ń bi í pé orílẹ̀-èdè wo ló wà. Tó bá ti mú Nàìjíríà, ẹ fi ìbéèrè kan ṣoṣo kún un: èdè wo lo fi ń kọ̀wé? Kí Yorùbá, Hausa, Igbo àti àwọn yòókù wà lójú ibẹ̀, kéèyàn lè mú ju ẹyọ kan lọ, torí pé a máa ń pa Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú gbólóhùn kan. Ẹni tó bá mú Yorùbá, kí ẹ̀rọ má tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ láìbi í. Tí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ kan kò tọ̀nà, ẹ fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí màmá mi ṣe ń ṣe fún mi nìyẹn, mo sì ti fi í kọ́ iṣẹ́. Tí agbára yín ò bá tíì ká bọ́tìnnì márùn-ún lọ́dún yìí, tí ọ̀rọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ bá máa gba ìpàdé púpọ̀, èyí tí mo kọ kẹ́yìn yìí, pé kí ẹ̀rọ má tún ọ̀rọ̀ kọ láìbi èèyàn, kò gba nǹkan kan. Ohun tó ń tún ọ̀rọ̀ kọ ti wà nínú ẹ̀rọ yín, ẹ kàn máa pa á ni.

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, kí n tó dé Ìbàdàn, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé láti Ọ̀yọ́: “Ọmọ mi, ṣé o ti dé ile?” Kò tó ìṣẹ́jú kan, òmíràn tẹ̀ lé e: “Ilé.” Wọ́n ti padà lọ fi àmì sí i.

Bébà tí mo ya kíbọ́ọ̀dù náà sí wà lórí tábìlì mi ní Mọ́kọ́lá. Ẹ rán ẹnì kan wá nínú àwọn tó ń ṣe kíbọ́ọ̀dù fún yín, n ó tẹ ẹ̀dà rẹ̀ fún un, a ó sì jọ lọ bá màmá mi. Ọ̀yọ́ ò jìnnà sí Ìbàdàn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn